Ọmọ Kì í Fi Ìyá Fọ́kọ

"Ẹ jókòó, Mummy."

Kúnmi ló sọ bẹ́ẹ̀, nínú pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Mayesbrook, ní London, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹsàn-án. Ọmọ́ṣọlá wo ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀. Òun ló bí i. Òun ló gbé e sáré lọ sí ọsibítù n'Íjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ tí gìrì gbé e, láìwọ bàtà, láìwé gèlè. Ọmọ yìí kan náà ló wá dúró lé e lórí, tó ń ní kó jókòó bí ẹni tí tíṣà ránṣẹ́ pè. Ó jókòó ṣá. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀, ẹsẹ̀ sì ń dùn ún.

Bọ́sẹ̀, ìyàwó Kúnmi, wà lórí àga kejì. Ó tẹjú mọ́ fóònù tí iná rẹ̀ ti kú.

"Bàbá Aládùúrà kan wá bá mi lẹ́yìn ìsìn lónìí," Kúnmi ní. "Alàgbà Dáníẹ́lì lorúkọ wọn. Wọ́n ní ẹnì kan ló fi àwọn ṣe alárinà. Wọ́n ní..." Ó wojú Bọ́sẹ̀. "Wọ́n ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà wa, àwọn sì fẹ́ wá já a."

"Òdòdó wo?"

"Ẹ̀yin ni, Mummy."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bọ́sẹ̀, kíá ló sọ ọ́ di ikọ́. Ọmọ́ṣọlá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, opó láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, tí wọ́n tún ń pè ní òdòdó, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Ohun tó gún un lọ́kàn ni pé kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n ti wá tọrọ rẹ̀, wọ́n ti gbèsì, wọ́n ti túká, òun sì wà nínú kíṣìnì ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bu ìrẹsì fún àwọn ọmọ Sunday school.

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mo ní rárá. Mo ní ìyá mi ò lọ sílé ọkọ kankan. Mo sì ní kí wọ́n bá mi sọ fún ẹni tó rán wọn pé ìyá mi ò bá a lọ wo ewé kankan ní Scotland."

Ẹ ní ewé kẹ̀? Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ bá a níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún tó ṣáájú ni. Ẹni tó bá mọ River Road ní London á mọ̀ pé ilé ìkẹ́rù àti ilé àwọn mẹkáníìkì ló kún ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di Sunday, ilé ìkẹ́rù á di ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ Kúnmi wà lápá ọ̀tún, ìjọ onígìtá, onílẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì. Ìjọ Aládùúrà kan wà ní òdìkejì, àwọn aláṣọ funfun. Ibi ìgbọ́kọ̀sí kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, ìkíni tó wà láàárín wọn ò sì ju ẹ káàárọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ náà, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, àbígbẹ̀yìn Kúnmi, ń ké nínú ìsìn, Ọmọ́ṣọlá sì gbé e jáde. Ó rí ọkùnrin kan nínú sùtánà funfun tó ń bọ̀ láìwọ bàtà gẹ́gẹ́ bí òfin ìjọ wọn, lórí ilẹ̀ tó tutù wọ egungun. Ewé pupa ńlá kan lẹ̀ mọ́ ọn ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó gbọn ẹsẹ̀, ewé ò já. Ó tún un gbọ̀n, ewé ní òun ò lọ. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dákẹ́ ẹkún, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ́ṣọlá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi lẹ̀ ń fi rẹ́rìn-ín yìí," ọkùnrin náà ní. Inú ò bí i.

"Ẹ má bínú, sà. Ewé yẹn fẹ́ràn yín ni."

"Kékeré lèyí. Tí ẹ bá rí èyí tó wà lọ́nà Scotland, ẹ ò ní rẹ́rìn-ín. Ẹ máa dákẹ́ ni."

Orúkọ rẹ̀ ni Sylvanus, ará Àgbádárìgì, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń wa lọ́rì tó ń kó táìlì láti River Road yìí lọ sí òkè Scotland. Ó ní tó bá ti di ìgbà ìwọ́wé, àárín igbó lòun ń gbà kọjá, tí igi á pọ́n bí ọsàn lọ́tùn-ún, tí òmíràn á pọ́n bí ata lósì, títí ojú á fi kún.

"Ẹ ò wá dúró wò ó dáadáa rí?" Ọmọ́ṣọlá bi í.

"Ẹrù ni mo gbé, wọ́n ń dúró dè mí. Ta ni mo sì fẹ́ bá dúró?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọmọ́ṣọlá fi ń ro ọ̀rọ̀ yẹn. Òun náà ti lo ọdún mẹ́jọ ní London. Kúnmi ló ní kó wá bá àwọn wẹ ọmọ nígbà tí wọ́n bí Tiwaladé, oṣù mẹ́fà ni wọ́n pè é. Oṣù mẹ́fà di ọdún, ọmọ kan di méjì. Ìgbà ìwọ́wé mẹ́jọ ló ti kọjá lójú rẹ̀, ohun tó sì mọ̀ nípa ewé ni pé wọ́n ń dí ojú gọ́tà, òun ló sì ń kó wọn.

Báyìí ni ọjọ́ Tuesday ṣe di tiwọn. Ọjọ́ yẹn ni Sylvanus kì í lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ́ṣọlá á ti mú àwọn ọmọ dé ilé ìwé, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Heathway, wọ́n á jókòó sí káfẹ́ kan tí Haneef, ọmọ Ìlọrin kan, ń tà tíì àti búrẹ́dì ẹlẹ́yin. Nígbà òtútù, ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó máa fi di oṣù Kẹta, Sylvanus ti gbé máàpù ńlá kan wá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìgò ata tẹ Scotland mọ́lẹ̀ kó má baà ká.

"Ọjọ́ Sátidé la máa gbéra, láago méje àárọ̀," ó ní. "Ká ti gba títì A13 kọjá kí ayé tó jí. A máa sùn ní York. Lọ́jọ́ kejì, a wọ Scotland. Ibí yìí ni Dunkeld, odò wà níbẹ̀. Ibí yìí ni Pitlochry. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá ni, Ọmọ́ṣọlá. Tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ jù, atẹ́gùn á ti gbọn gbogbo rẹ̀ dànù."

"Àwọn tí ń tà níbẹ̀, ṣé wọ́n máa ní oúnjẹ gidi?"

"Wọ́n ní ẹja."

"Ẹja tí wọn ò fi ata sí kì í ṣe ẹja. Màá gbé mọ́ínmọ́ín dání."

"Nínú ọkọ̀ mi? Òórùn rẹ̀ ò ní lọ títí Kérésìmesì."

"Ẹ máa lọ ní tiyín nìkan nígbà náà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ mọ́ínmọ́ín sílẹ̀. Ó tún sọ fún un, bí ẹni tí ìtìjú ń mú, pé yàrá méjì lòun gbà níbi gbogbo. Ọmọ́ṣọlá ní ó dára bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run rí wọn. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé e padà sílé, ó yà á lẹ́nu pé yàrá méjì náà dùn ún díẹ̀.

Ẹ má rò pé kò ṣiyèméjì o. Bó bá ń fọ abọ́ tí àwọn ọmọ fi jẹun, á máa bi ara rẹ̀ pé ṣé ọkùnrin yìí gan-an lòun fẹ́ ni, àbí òun kàn fẹ́ kúrò nídìí síǹkì yìí? Títí ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹfà tí Sylvanus ò wá torí ìbà. Ọmọ́ṣọlá jókòó ní káfẹ́ nìkan fún wákàtí kan, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí síǹkì kankan níbẹ̀. Ó wá mọ̀ pé òun fẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí pálọ̀ Kúnmi.

"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ewé fún ọ?" Ọmọ́ṣọlá bèèrè.

"Alàgbà yẹn ló sọ ọ́. Ó rò pé mo mọ̀. Mummy, ẹ̀yin àti ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ yín, ọjọ́ mẹ́rin nínú mọ́tò? Kí ni kí n sọ fún pásítọ̀? Aládùúrà sì tún ni, àwọn tí kì í wọ bàtà."

"Ó ní bàtà. Ó máa ń bọ́ ọ fún Ọlọ́run ni."

"Yàrá kan lẹ máa sùn?"

"Yàrá méjì ni. Tó bá sì jẹ́ ọ̀kan ńkọ́?"

Bọ́sẹ̀ gbé ojú sókè níkẹyìn. "Mummy, kì í ṣe pé a ò fẹ́ kí ẹ gbádùn. Ṣùgbọ́n half-term ni ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ti gba iṣẹ́ ọjọ́ márààrún ní ọsibítù. Kúnmi náà ò lè gba ìsinmi. Ṣé ẹ ò lè lọ ní November? Ewé wà ní Mayesbrook Park náà, ṣebí gbogbo wọn á kúkú wọ́."

Gẹ́rẹ́ tí Bọ́sẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ léfòó. Kì í ṣe ti pásítọ̀, kì í ṣe ti bàtà. Ọ̀sẹ̀ ìsinmi àwọn ọmọ ni, wọ́n sì ti fi Ọmọ́ṣọlá sínú ìṣirò bí ẹní ka ẹ̀rọ ìfọṣọ mọ́ ẹrù ilé.

Kúnmi náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tú síta, ó yí ohùn padà. "Mummy, ẹ̀yin ló ṣẹ́kù fún mi lára Daddy. Tí mo bá rí yín, mo rí wọn. Mi ò mọ bí mo ṣe máa rí ọkùnrin mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

Èyí wọ ìyá rẹ̀ lára. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ọmọ náà ò parọ́. Ó dìde, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

"Daddy yín ti kú, Kúnmi. Mo sunkún rẹ̀, mo wọ dúdú fún un. Èmi ni mi ò tíì kú. Tí wọ́n bá tún wá bá ọ, má ṣe dáhùn fún mi mọ́. Ọmọ kì í fi ìyá fọ́kọ."

Lọ́jọ́ Tuesday, kò tiẹ̀ jẹ́ kí Haneef gbé tíì wá. Orí ìdúró ló wà.

"Ta ló ní kí ẹ lọ tọrọ mi lọ́wọ́ Kúnmi?"

Sylvanus ṣí fìlà. "Mo fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ ni. Bàbá rẹ ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ wà ní Ìjẹ̀bú, kò sí àgbà kankan fún ọ níbí. Ọmọkùnrin rẹ ni mo rí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo jí ọ gbé."

"Ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò! Ẹ ò bi mí. Gbogbo Tuesday la jọ ń jókòó níbí, ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kan. Ó wá ní rárá, ẹ sì gbà?"

"Mo ní ká fún un láyè díẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá rọ̀—"

"Yàrá tí ẹ gbà ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wo ibi tí máàpù máa ń wà lórí tábìlì. Kò gbé e wá lọ́jọ́ náà.

"Ẹ ti fagi lé e," Ọmọ́ṣọlá ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó dáa. Ìgbà tó jẹ́ ọwọ́ Kúnmi lẹ ti ń gba àṣẹ, kí ẹ kúkú mú Kúnmi lọ wo ewé."

Ó jáde. Ó sunkún nínú bọ́ọ̀sì láìbojú, obìnrin kan sì nawọ́ tíṣù sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kò fi gbé ìpè Sylvanus. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ń rí i lókèèrè ní River Road nínú aṣọ funfun, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àárò rẹ̀ sọ ọ́ débi pé oúnjẹ ò wọlé mọ́. Ó bínú sí i, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, kò sí èyí tó lé ìkejì lọ. Nínú ilé, gbogbo nǹkan ti padà bọ̀ sípò fún Kúnmi àti Bọ́sẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ra ṣálì tuntun fún un.

Ìgbà tí oṣù Kẹwàá ń lọ sópin, igi iwájú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ọmọ́ṣọlá mú ìgbálẹ̀, ó jáde lọ kó ewé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó gbá a dé ìdajì, ó sì dúró. Ta ló fi òun jẹ olórí agbálẹ̀ ewé? Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó wọlé, ó pe ilé àlejò kan ní Pitlochry. Obìnrin tó gbé fóònù ò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà ò gbọ́ tiẹ̀. Wọ́n jọ ń wí àwítúnwí, títí wọ́n fi gbọ́ ara wọn yé. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Sylvanus:

"Mo ti gba yàrá. Sátidé, aago méje. Tí ẹ ò bá lọ, màá wọ ọkọ̀ ojú irin."

Ọkùnrin náà ò fèsì. Ọjọ́ Thursday kọjá, Friday kọjá. Ọmọ́ṣọlá se mọ́ínmọ́ín. Ó sọ fún Kúnmi àti Bọ́sẹ̀ lójúkojú pé òun ń lọ, Kúnmi sì ní àwọn á sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, bí ẹni tó ń tan ọmọdé.

Láago méje àárọ̀ Sátidé, òjò winniwinni ń rọ̀. Ọmọ́ṣọlá wé gèlè, ó wọ kóòtù, ó fa báàgì rẹ̀ jáde. Kúnmi sáré jáde tẹ̀lé e nínú aṣọ tó fi sùn, ó gba etí báàgì mú.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ò lè dá lọ sí Scotland. Ẹ ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀."

"Ìgbà tí mo wá London, ta ni mo mọ̀?"

Ibi tí wọ́n ti ń fa báàgì mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni ọkọ̀ kan ti yà, ó dúró. Sylvanus sọ̀ kalẹ̀. Ó wọ agbádá aláró, ó dé fìlà, ó wọ bàtà tó ń dán. Kúnmi rí aṣọ náà, ó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó na ara rẹ̀ ró, ó fi báàgì sílẹ̀, ó ti ń múra àtisọ rárá lẹ́ẹ̀kejì.

Sylvanus kí i, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó dé iwájú Ọmọ́ṣọlá. Ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi àyà lélẹ̀ lórí títì ọlọ́dà tó tutù.

"Ẹ kú ilé o," ó ní látilẹ̀. "Èmi Sylvanus ni mo dé. Ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tiyín ni mo kọ́kọ́ kàn, ẹ foríjì mí. Mo wá tọrọ Ọmọ́ṣọlá lọ́wọ́ yín."

Òyìnbó tó ń gbé ní òdìkejì ti ṣí fèrèsé, ó ń bèèrè bóyá kí òun pe áńbúláǹsì. Ọmọ́ṣọlá wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà, bí òjò ṣe ń rọ̀ sí aṣọ aláró rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kún. Síbẹ̀, ó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ kan.

"Ọmọ́ṣọlá tí o wá tọrọ yìí," ó ní, "ọmọ gidi ni lọ́wọ́ wa. Ṣé o mọ̀ pé ó lágídí?"

"Mo ti rí i."

"Kì í jẹ ẹja tí kò láta."

"Mo mọ̀. Ata wà nínú ọkọ̀."

"Bó o bá fẹ́ mú un jáde, ọwọ́ ta lo máa ti gbàṣẹ?"

"Ọwọ́ yín nìkan."

"Bí ọ̀rọ̀ bá le ńkọ́? Bí ẹnì kan bá ní rárá, ṣé o tún máa fagi lé e?"

Sylvanus gbé orí sókè, omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀. "Mi ò fagi lé nǹkan kan mọ́ láé, àfi tí ẹ̀yin bá ní kí n fagi lé e."

Ọmọ́ṣọlá yíjú wo Kúnmi. Ìyá rẹ̀ ò bi í léèrè nǹkan kan. Ó na ọwọ́ sí ọkùnrin tó wà nílẹ̀.

"Àwa ẹbí ti gbọ́," ó ní. "Dìde. A ti fi í fún ọ."

Ó fà á dìde, eékún ọkùnrin náà sì dún. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ ń nu ojú. Sylvanus gbé báàgì sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé mọ́ínmọ́ín náà síbẹ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ òórùn kankan. Ọmọ́ṣọlá gbá Kúnmi mọ́ra, ó fẹnu kò ó lórí, ó ní kó wọlé kí òtútù má baà mú un. Ó wá jókòó síwájú ọkọ̀.

Ìgbà náà ni Bọ́sẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, Tiwaladé ń béèrè oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mummy!" ó ní. "Ta ló máa wo àwọn ọmọ?"

"Àwọn tó bí wọn," ni Ọmọ́ṣọlá wí, ó sì pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé.